Èrò Àtọkànwá: Ibi Tí Òfin Gbè Ẹni Tó Ń Bá Olóṣèlú Wí Dé

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, adájọ́ Nigel Ross gbé ìdájọ́ kan kalẹ̀ ní ìlú Edinburgh, ní Scotland. Olùpẹjọ́ ni Stuart Campbell, òǹkọ̀wé tó máa ń fi kálàmù jà fún òmìnira Scotland. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Kezia Dugdale, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Campbell kọ ọ̀rọ̀ kan sójú òpó Twitter láti fi Oliver Mundell, ọmọ ilé aṣòfin Scotland, ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní téèyàn bá gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, èèyàn á máa rò ó pé ká ní bàbá rẹ̀ ti tètè gbà pé ọkùnrin ẹgbẹ́ òun lòun ń fẹ́. Bàbá ọ̀hún, David Mundell, mínísítà fún ọ̀rọ̀ Scotland, ti sọ fáyé gbọ́ ní ọdún 2016 pé bẹ́ẹ̀ lòun rí. Dugdale wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Record pé ọ̀rọ̀ ìkórìíra sí àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ẹgbẹ́ wọn ni Campbell kọ. Campbell ní ó ti ba òun lórúkọ jẹ́, ó sì béèrè 25,000 pọ́ùn.

Adájọ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ó ní Campbell kò kórìíra àwọn èèyàn náà, àti pé ọ̀rọ̀ tó kọ kò ti inú ìkórìíra wá. Síbẹ̀, Dugdale ló jàre. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

Báwo ni ẹni tí adájọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe tún ń jàre? Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni àwíjàre tí a lè pè ní èrò àtọkànwá. Lójú tèmi, ó wà lára ohun tó dára jù lọ nínú òfin ìbanilórúkọjẹ́ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá, pàápàá níbi ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, ni kò mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó pin. Àìmọ̀ yẹn ló ń mú kí àwọn kan panu mọ́ níbi tí òfin ti fún wọn láyè, tí àwọn mìíràn sì ń fi ìgboyà sọ ohun tí òfin kò ní gbà wọ́n sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní England, bí ẹnì kan bá pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ ba òun lórúkọ jẹ́, kò di dandan kó fi hàn pé irọ́ lẹ pa. Ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ ni ẹ óò fi hàn pé òótọ́ ni. Ẹrù ńlá nìyẹn. Bí ẹ bá sọ pé kánsẹ́lọ̀ àdúgbò yín gba rìbá, bóyá ẹ lè rí ẹ̀rí gbé síwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé ìwà rẹ̀ kò yẹ ọmọlúàbí, tàbí pé òun ni aṣojú tó burú jù lọ tí àdúgbò yín tíì ní, ẹ̀rí wo ni ẹ fẹ́ mú wá? Kò sí ìwé kankan ní ilé báǹkì tàbí ní àgọ́ ọlọ́pàá tó lè fi ìyẹn hàn. Ìdájọ́ inú yín ni. Bí òfin bá ní kí ará ìlú máa mú ẹ̀rí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó máa lè bá olóṣèlú wí mọ́, nítorí kí ni ìbò dídì fúnra rẹ̀ bí kò ṣe pé kí kálukú ṣèdájọ́ àwọn tó ń du ipò?

Àwíjàre yìí ti pẹ́. Àríwísí tó bójú mu ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ní ọdún 1887, nínú ẹjọ́ Merivale àti Carson, tó dá lórí ohun tí ìwé ìròyìn kan kọ nípa eré orí ìtàgé, àwọn adájọ́ là á sílẹ̀ pé kò kan àwọn bóyá àwọn fara mọ́ ohun tí alárìíwísí sọ. Ohun tó kàn wọ́n ni bóyá èèyàn tó jẹ́ olóòótọ́ lè rò bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí orí rẹ̀ kunkun tó tàbí kí ẹnu rẹ̀ mú tó. Síbẹ̀ alárìíwísí yẹn jẹ̀bi. Kí ló fà á? Ohun tó kọ fi eré náà hàn bí eré àgbèrè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí àgbèrè kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn adájọ́ ti ń wò láti ìgbà náà títí di òní, ibẹ̀ gan-an ni kó tẹjú mọ́: ẹ lè bú eré, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ohun tí kò sí nínú eré sínú rẹ̀ kí ẹ tó bú u.

Nígbà tó di ọdún 1950, Michael Foot, tó wá di olórí ẹgbẹ́ Labour nígbà tó yá, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn Tribune láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé ìròyìn Evening Standard. Àkọlé tó fi sí i sọ pé ìwà Evening Standard ti relẹ̀ ju ti Kemsley lọ. Lord Kemsley ni ọlọ́lá tó ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn nígbà náà, òun kọ́ ló ni Evening Standard, kò sì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ nínú àpilẹ̀kọ náà yàtọ̀ sí orí àkọlé yẹn. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ó ní Foot kò tilẹ̀ sọ ohun tí òun ṣe, báwo ló ṣe máa wá sọ pé àríwísí lòun ṣe? Ní ọdún 1952, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ nígbà náà, House of Lords, dá Foot láre lórí kókó yìí: ìwé ìròyìn tí ẹnì kan ń tà káàkiri ìlú wà lójú gbogbo ayé, bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, àwọn òǹkàwé ti mọ ohun tí wọ́n ń bá wí. Ohun tí olóṣèlú ṣe ní gbangba náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dìbò ní ilé aṣòfin, tó sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tó fọwọ́ sí ìnáwó ìjọba, ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta fún gbogbo ayé láti wò.

Òfin Ìbanilórúkọjẹ́ ti ọdún 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2014 ní England àti Wales, kó ọ̀rọ̀ náà sí abala kẹta rẹ̀. Ó pa àwíjàre àtijọ́ rẹ́, ó sì fi èrò àtọkànwá rọ́pò rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó kan gbogbo ìlú; òfin tuntun yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó kù fún olùjẹ́jọ́ láti fi hàn ni pé èrò lòun sọ, òun kò ròyìn. Pé òun jẹ́ kí àwọn tó gbọ́ mọ ohun tí èrò náà dúró lé, ì báà jẹ́ ní ṣókí. Àti pé olóòótọ́ èèyàn lè ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lórí ohun kan tó ti wà nílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí tó gbẹ̀yìn. Òfin kò sọ pé olóòótọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ rò bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa rò bẹ́ẹ̀. Kí ẹyọ ẹnì kan tí kì í ṣe òpùrọ́ lè rò bẹ́ẹ̀ ti tó. Ìdí nìyẹn tí Dugdale fi jàre nídìí àwíjàre àtijọ́ tí Scotland ń lò nígbà náà: ọ̀rọ̀ tí Campbell kọ wà níwájú òǹkàwé, ẹni tó bá kà á lè túmọ̀ rẹ̀ bí Dugdale ṣe túmọ̀ rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Kí adájọ́ fúnra rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn kò dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ àkókò. Ohun tí èrò dúró lé gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó lanu. Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ sí mínísítà lónìí láìsí ìdí, tó wá hùwà burúkú lóṣù tó ń bọ̀, ìwà oṣù tó ń bọ̀ yẹn kò lè gbà yín sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nínú ilé aṣòfin tàbí nílé-ẹjọ́, tí òfin dáàbò bò, lè ṣe ìpìlẹ̀ fún èrò yín, bó bá ti jáde ṣáájú tiyín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí ni ààlà tó wà láàárín èrò àti ìròyìn. Adájọ́ kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ pé kí ló ní lọ́kàn. Ó máa ń ka ọ̀rọ̀ náà bí òǹkàwé lásán ṣe máa kà á, lódindi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó wo bó ṣe dún létí. Kí ènìyàn fi "lójú tèmi" ṣáájú kò sọ ìròyìn di èrò. "Lójú tèmi, ó jí owó ilé-ìwé" ṣì jẹ́ ẹ̀sùn olè, ẹ̀rí olè sì ni ilé-ẹjọ́ máa béèrè.

Ẹjọ́ Rachel Riley àti Laura Murray fi èyí hàn ju gbogbo ìyókù lọ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2019, ẹnì kan lu Jeremy Corbyn, olórí ẹgbẹ́ Labour, ní ẹyin ní mọ́sáláṣí kan ní àríwá London. Riley, ìlúmọ̀ọ́ká olóòtú ètò tẹlifíṣọ̀n tó ti ń bá Corbyn ṣe awuyewuye, gbé ọ̀rọ̀ kan tí akọ̀ròyìn Owen Jones ti kọ ṣáájú síta. Jones ti kọ ọ́, nípa ẹlòmíràn tí wọ́n sọ ẹyin lù, pé ìmọ̀ràn rere ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n sọ ẹyin lu òun, kó má ṣe ṣe Násì. Riley fi ọ̀rọ̀ méjì péré lé e, pé ìmọ̀ràn dáadáa ni, ó wá fi àwòrán òdòdó róòsì pupa, tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ Labour, àti ti ẹyin sí i. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Murray, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Corbyn, bínú. Ó kọ ọ́ sójú òpó Twitter pé Riley sọ pé ó yẹ kí wọ́n ṣe Corbyn léṣe nítorí pé Násì ni. Ó ní obìnrin náà léwu bó ṣe gọ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a da nǹkan pọ̀. Kò gbé ohun tí Riley kọ gan-an síbẹ̀.

Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú adájọ́ Nicklin, ó pín ọ̀rọ̀ Murray sí méjì. Pé Riley léwu, pé ó gọ̀, èrò nìyẹn. Pé Riley sọ pé ó yẹ kí wọ́n ṣe Corbyn léṣe, ìròyìn nìyẹn. Adájọ́ wo ohun tí Riley kọ, ó rí i pé ọ̀nà méjì ló pín sí. Ẹnì kan lè kà á bí ẹni pé ó ní ẹyin yẹn tọ́ sí Corbyn. Ẹlòmíràn lè kà á bí ẹni pé ó ń fi Jones ṣe yẹ̀yẹ́, pé irú ẹni tó yọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ẹyin lu ọ̀tá rẹ̀ kò lè bínú báyìí. Adájọ́ kò tilẹ̀ yin Riley, ó ní ṣe ló ń tọ́ ìjà, ìyẹn sì dín owó tó gbà kù. Ṣùgbọ́n Murray mú ọ̀nà kan nínú méjèèjì, ó gbé e fún aráyé bí ẹni pé òun nìkan ló wà, ó sì gba ohun tí wọn ì bá fi ṣèdájọ́ fúnra wọn kúrò lójú wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, wọ́n ní kó san 10,000 pọ́ùn owó gbà-máà-bínú. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò yí i padà ní ọdún 2022.

Ẹ wò ó dáadáa. Ká ní Murray gbé ọ̀rọ̀ Riley síta bó ṣe wà, kó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé obìnrin yìí léwu, ó sì gọ̀, ibi tó máa dúró sí ì bá lágbára ju èyí lọ fíìfíì. Èébú kọ́ ló kó bá a. Gbólóhùn tó ṣáájú èébú ni. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò: wọ́n á máa yọ ọ̀rọ̀ líle kúrò nínú ohun tí wọ́n kọ, wọ́n á wá fi ìròyìn tí wọn kò yẹ̀ wò síbẹ̀.

Ti Rotherham tún burú ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìwádìí tí Alexis Jay darí fi hàn pé nǹkan bí 1,400 ọmọdé ni wọ́n ti fipá bá lò ní ìlú náà láàárín ọdún 1997 sí 2013, tí àwọn aláṣẹ kò sì gbèjà wọn bó ṣe yẹ. Gbogbo ilẹ̀ Britain gbaná jẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, Jane Collins ti ẹgbẹ́ UKIP, tó ń ṣojú àgbègbè náà nílé aṣòfin Yúróòpù, dìde níbi àpéjọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Doncaster. Ó ní àwọn aṣòfin Labour mẹ́ta tó ti àgbègbè Rotherham wá, Kevin Barron, John Healey àti Sarah Champion, mọ púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Lójú Collins, ọ̀rọ̀ òṣèlú lòun sọ. Lójú adájọ́ Warby, kí ènìyàn sọ pé ẹnì kan mọ̀, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, ìròyìn ni, kò sì sí ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọdún 2017, wọ́n ní kó san 54,000 pọ́ùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Caven Vines, kánsẹ́lọ̀ UKIP ní Rotherham, sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ lórí Sky News ní oṣù kìíní ọdún 2015. 40,000 pọ́ùn ni wọ́n ní kó san fún Barron àti Healey níkọ̀ọ̀kan. Ká ní wọ́n sọ pé àwọn aṣojú tí irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ imú wọn kò yẹ ní ipò mọ́, kò sí ilé-ẹjọ́ tó máa dá wọn lẹ́bi.

Ẹnì kan lè ní: ṣebí ìkórìíra òṣèlú ló ń ti gbogbo wọn, ṣé ìyẹn kò ba àwíjàre jẹ́? Rárá. Ọdún 2000 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Hong Kong yanjú ìyẹn, nínú ẹjọ́ tí lọ́yà kan pe Albert Cheng, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Lord Nicholls, adájọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jókòó níbẹ̀, ní àrankàn, ìbínú, tàbí kí ènìyàn fẹ́ kí ẹgbẹ́ òun wọlé ìbò kò ba èrò jẹ́, bó bá ṣáà ti jẹ́ ohun tí ẹni náà gbà gbọ́ ló sọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á jẹ́: kí olùpẹjọ́ fi hàn pé ẹni tó sọ̀rọ̀ kò gba ohun tó sọ gbọ́. Òfin 2013 gbé èyí wọlé. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ta ló ń ṣòṣèlú tí kò ní ẹni tó fẹ́ kó fìdí rẹmi?

Ẹ má sì rò pé ará ìlú nìkan ni àwíjàre yìí ń gbè. Ní ọdún 2015, ìjọba Britain kéde orúkọ àwọn kan tó ń sọ̀rọ̀ ní yunifásítì, pé ọ̀rọ̀ wọn kún fún ìkórìíra. Ọ̀kan nínú wọn pe ìjọba lẹ́jọ́. Ìjọba ní èrò ni, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì gbà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2019. Èyí kò dùn mọ́ mi. Nígbà tí ìjọba, tó ní ọlọ́pàá àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́wọ́, bá pe ènìyàn ní alákatakítí, ará ìlú kì í gbọ́ ọ bí èrò. Ohun tí ìjọba ti wádìí ni wọ́n máa rò pé ó jẹ́. Ohun tó ń pẹ̀tù sí mi lọ́kàn díẹ̀ ni pé láti ọdún 1993, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Derbyshire pe ìwé ìròyìn Sunday Times lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ ti fi òté lé e pé ìjọba fúnra rẹ̀ kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Àwọn tó wà nínú ìjọba lè ṣe é gẹ́gẹ́ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìjọba kò lè ṣe é.

Nàìjíríà jogún àríwísí tó bójú mu ti àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òun la ṣì ń lò. Òfin 2013 kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń kọ̀wé ní Ìbàdàn tàbí Èkó ṣì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan ìlú, àti pé ohun tó dúró lé jẹ́ òótọ́; bí olùpẹjọ́ bá sì fi hàn pé àrankàn ni, àwíjàre náà bàjẹ́. Èyí tó burú jù ni pé a ṣì ń fi ẹ̀wọ̀n sí i. Ní ọdún 1928, ìwé ìròyìn Herbert Macaulay gbé àhesọ kan jáde pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tù pa Ẹlẹ́kọ̀ Èṣúgbàyí, ìjọba amúnisìn sì fi Macaulay sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú Criminal Code wa, ní abala 375: ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjì bí ẹni náà bá mọ̀ pé irọ́ ni. Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, tún wà níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó èyí wá fún wa ti pa tiwọn rẹ́ láti oṣù kìíní ọdún 2010.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ òṣèlú ní Peckham tàbí ní Òṣogbo, lórí rédíò tàbí lórí WhatsApp, ẹ kọ́kọ́ gbé ohun tí olóṣèlú náà ṣe tàbí tó sọ kalẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi ọjọ́ rẹ̀ sí i, kí ẹ tó sọ tinú yín lé e lórí, ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe le tó lọ́kàn yín. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rí pé olóṣèlú náà mọ nǹkan kan, ẹ má ṣe sọ pé ó mọ̀ ọ́n. Kí àwọn aṣòfin wa ní Abuja àti ní àwọn ìpínlẹ̀ wa náà yọ ẹ̀wọ̀n kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n sì kọ àwíjàre èrò àtọkànwá sínú ìwé òfin tiwa, kí ìdìbò tó ń bọ̀ tó dé.